Páálí Ìṣáná Mẹ́rin

Ní Òkèlele, ìyá ìyá mi kì í wọn ìkòkò.
Á na ọwọ́ sínú amọ̀, á dijú díẹ̀,
á ní, "Ó ti tó." Ó sì máa ń tó.
Ogún ìkòkò, ọmọrí kan ṣoṣo á bá gbogbo ẹnu wọn mu.

Èmi ni wọ́n wá fún ní kálípà
ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́bbà,
èmi Sùwébátù, obìnrin kan láàrin ọkùnrin mẹ́tàlélógún.
"Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpèsè," báyìí ni wọ́n kọ ọ́ sára fọ́ọ̀mù.
Àwọn ará àdúgbò ní, "Kí ni wọ́n ń pèsè níbẹ̀? Oúnjẹ ni?"
Màmá mi ń sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́.

Ọ̀gá Abíọ́yè, ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún,
kì í sọ ibi tí ìkarùn-ún wà.
Ó kàn máa ń gbé ọwọ́ náà sókè láràárọ̀,
gbogbo wa á sì wá gíláàsì ojú wa.

Ẹ̀rọ kẹta láti ẹnu ọ̀nà ni tèmi,
arúgbó aláwọ̀ ewé, ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́.
"Ilé iṣẹ́ ìṣáná ni wọ́n ti rà á
nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa," ni ọ̀gá wí.
N kò fèsì. Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Ọ̀pá irin: mílímítà márùndínlọ́gbọ̀n, kó má lé, kó má dín.
Irin ń ká kò, ó ń já bọ́ bí irun ọmọ tuntun,
omi funfun bíi wàrà ń ṣàn lé e kó má baà jó.
Mo wọ̀n ọ́n. Ó fi irun orí kan jù.
Mo mú òmíràn. Ó fi irun orí kan dín.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, iná lọ nígbà tí ọ̀bẹ wà lára irin;
àpá yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.
Ọ̀gá jù ú sáàrin àwọn tí a kọ̀.
"Sùwébá, irin kì í gbọ́ 'ẹ jọ̀ọ́'."

Lálẹ́, mo rò ó níwájú bàbá mi bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Ó yí rédíò wálẹ̀.
"Aláwọ̀ ewé? Nọ́ńbà rẹ̀ parí sí òdo méjì?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."
Ó pẹ́. Kòkòrò ń kọlu gílóòbù.
"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ti ẹ̀yìn, ṣé ó ṣì ń mì?"

Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ! Ta ló wo ẹsẹ̀?
"Tẹ páálí ìṣáná mẹ́rin pẹlẹbẹ,
fi há a lábẹ́. Márùn-ún ti pọ̀ jù."
Ọdún mẹ́sàn-án ni kò dárúkọ ibẹ̀ nínú ilé wa.

Ọjọ́ Ajé, mo dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì,
mo ki mẹ́rin bọ̀ ọ́ lábẹ́. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín.
Mo tan án. Arúgbó náà ṣíwọ́ ìkùnsínú.
Márùndínlọ́gbọ̀n.
Ọ̀gá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan,
ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mi sí i.

Èyí tí iná lọ lé lórí ńkọ́?
Ìyá àgbà bá a nínú báàgì mi,
ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ní, "Èyí ni wọ́n ní kò dára?"
Òun ló fi ń dán ìkòkò báyìí kó tó kó wọn síná.
Bí o bá ra ìkòkò ní Òkèlele lọ́dún yìí,
wo ọrùn rẹ̀ dáadáa: ilà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀,
ibi tí iná ti lọ.