Ìkejì Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sùn sábẹ́ abẹ ní Abẹ́òkúta.
Àkọ́kọ́, wọ́n gbé Mọbọ́láńlé jáde, ó ń pariwo;
ìkejì, wọ́n wá tú ohun tí àkọ́kọ́ so;
ìkẹta, wọ́n wá tú ohun tí ìkejì so
níbi tó ti ń tú ti àkọ́kọ́.
Ẹ bá mi ka okùn yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò.

Lóde, ojú àpá mi tẹ́jú, ó ń dán
bí ọ̀nà tí ìgbín gbà kọjá lórí àpáta Ìtòkò.
Àwọn tó rí i ní, "Ó mà ti jinná o!"
Wọn ò rí inú.
Nínú, ara mi ò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́ ìwòsàn:
ó ń ta òwú jànkáriwọ̀ láti ìfun dé ilé ọmọ,
láti ilé ọmọ dé ògiri ikùn,
títí ìfun tó yẹ kó máa yọ̀ kọjá lára ara wọn
bí ẹja àrọ̀ nínú Odò Ògùn
fi dà bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀ lọ́jà Lafenwá.

Bí mo bá jẹ ẹ̀bà òkèlè méjì, ó dúró.
Bí mo bá mu omi, omi padà.
Lóru, mo máa ń di irin bẹ́ẹ̀dì mú,
ọkọ mi a fi ọwọ́ tó ń rùn bíi rọ́bà pa mí lẹ́yìn,
kò ní sọ nǹkan kan.

Dókítà Odùfúwà fa àga sún mọ́ wa ní Ìdí-Àbà.
Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Bí a bá tú u lásán, á tún so.
Àmọ́ awọ fẹ́lẹ́ kan wà,
ara ìkejì ọmọ la ti ń bó o.
A ó fọ̀ ọ́, a ó gbẹ ẹ́, a ó tẹ́ ẹ sáàárín ìfun àti ògiri
kí wọ́n má fara kanra títí egbò á fi jinná.
Ó sì ní ohun tó ń sọ fún ara pé,
Má di àpá. Hù bí o ṣe wà tẹ́lẹ̀.
Lẹ́yìn náà, á yọ́ lọ."

Ọkọ mi, fọkanáísà láti ọdún mọ́kànlélógún,
gbórí sókè nígbà àkọ́kọ́:
"Bíi pọ́dà tí mo ń dà sínú táyà
kí túùbù má baà lẹ̀ mọ́ ọn?"
Dókítà rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa kọ́ wọn."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń rò.
Nílé wa, a kì í fi ìkejì ọmọ ṣeré:
inú ìkòkò ni ìyá mi gbé tèmi sí,
ìdí igi ọsàn lẹ́yìn ilé ní Ìkìjà ló rì í mọ́.
Ta ni obìnrin tó ní kí wọ́n máa mú tirẹ̀ lọ?
Ṣé ó bèèrè orúkọ mi?

Orúkọ mi.
Nọ́ọ̀sì ní kí n pè é kí oorun abẹ́rẹ́ tó gbé mi lọ,
mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn:
Tàlàbí.
Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àlà lójú.
Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta rèé tí agbẹ̀bí fi ìka bó awọ funfun náà
kí n lè mí.
Ó ti ara ẹlòmíràn padà wá,
ó fẹ́ bo ibi tí ojú ò tó.

Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara.
Mi ò bá wọn jiyàn. Dókítà pàápàá ò búra:
"Ó lè dín in kù. Mi ò ní tàn yín."

Ọjọ́ kẹta, òjò ń lu páànù,
Nọ́ọ̀sì Mọ́jìrádé tún bi mí léèrè àná:
"Màmá, ẹ ti só?"
Mo dákẹ́, mo tẹ́tí sí inú ara mi.
Nǹkan kan yí. Ó yọ̀. Kò há.

Mo só.
Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́.
Ọkọ mi dìde lọ ṣí fèrèsé,
kò sì tètè yíjú padà.