Kọ́kọ́rọ́ Mọ́kànlá

Lórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì
ni mo ti wọn ìrìn-àjò mi ní Gétísíẹ̀dì,
ní alẹ́ tí bọ́ọ̀sì Mẹ́lírósì ku ọ̀la.
Ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀wù òjò kan. Ṣíbí kan.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo fi ọ̀bẹ gé ìdí rẹ̀ dànù.
Dọ́rín aládùúgbò mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,
tó ti rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mẹta,
jókòó ti tíì rẹ̀, ó ń wò mí bí adájọ́.
"Mú ìyẹn kúrò." Mo mú un kúrò.
"Ìyẹn náà ńkọ́?"
Ata gígún ni, nínú ike kékeré.
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìwé àdúrà Màámi wúwo ju bàtà mi lọ.
Mo da mẹ́rin kọ sẹ́yìn rìsíìtì, lẹ́tà wínníwínní.
A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀:
mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé,
síbẹ̀ ẹ wò mí, mò ń wọn okùn bàtà.

Nílé wa, orí la fi ń ru ẹrù; ẹ̀yìn, ọmọ ló ni ín.
Màámi á ká àkísà, á fi ṣe òṣùká,
agbọ̀n ẹ̀gẹ́ á gùn ún, ọrùn rẹ̀ á dúró ṣánṣán
láti oko títí dé ẹnu ọ̀nà wa.
Èmi wá gbé àpò kọ́ èjìká méjèèjì,
mo tún fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìbàdí
bí ẹni pọn ọmọ tí kì í sunkún.

Dọ́rín na ọwọ́ sí àpò ẹ̀gbẹ́, ó gbọ̀n ọ́n.
"Kí ló ń dún?"
Kọ́kọ́rọ́ Akínfẹ́misóyè ni. Mọ́kànlá, lórí òrùka kan.
Mo mọ ilẹ̀kùn méjì nínú wọn.
Mẹ́sàn-án yòókù, òun nìkan ló mọ̀ wọ́n,
kò sì sọ kó tó lọ.
Àádọ́jọ gíráàmù ó lé díẹ̀.
Dọ́rín kò ní kí n mú un kúrò.
Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní òjò á rọ̀ lọ́la.

Òjò rọ̀. Ó bá wa gun òkè Ẹ́lídọ́ọ̀nù,
ó rọ̀ sórí àgùntàn, ó rọ̀ sínú búrẹ́dì mi.
Ààlà Skọ́tíláńdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju ọgbà onígi kan lọ;
mo dúró díẹ̀, mo ń retí ẹni tó máa béèrè ìwé ìrìnnà.
Àgùntàn kan wò mí, ó ń jẹun lọ.

Nígbà tí a dé Wúlà, èjìká ọ̀tún ti ń bá mi jà.
Mo wọ ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ra páálí.
Mo kó súwẹ́tà kejì sí i, àti ìwé tí n kò ṣí rí
(ata kò kúrò),
ọwọ́ mi sì ju kọ́kọ́rọ́ sí i kí n tó bá a sọ̀rọ̀.
Ọmọbìnrin ìdí káńtà ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀? Èló ni iye rẹ̀?"
Mo la ẹnu.
Ẹnì kan wúkọ́ lórí ìlà lẹ́yìn mi.
Mo ní, "Irin ni."
Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí òkun fà sẹ́yìn, a bọ́ bàtà, a so wọ́n kọ́rùn,
a ń tẹ̀lé àwọn òpó lọ sí Erékùṣù Mímọ́.
Ẹrẹ̀ tutù ń gba àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ jáde bí ògì.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọwọ́ mi lọ sí àpò ẹ̀gbẹ́,
ẹ̀ẹ̀mẹfà ló bá afẹ́fẹ́ níbẹ̀.
N kò sọ pé ara mi fúyẹ́. Mo ní mo dé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé.
Páálí ti ṣáájú mi délé; ará òkè ló bá mi gbà á.
Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n. N kò tíì tú u.
Bí ọkọ̀ akódọ̀tí bá ń kọjá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
mo máa ń gbọ́ wọn nínú rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́,
bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ dé
tó ń wá ihò ilẹ̀kùn lókùnkùn.