Páálí Mílíìkì

Òru Ọjọ́bọ̀ ni ológbò aláìnílé náà bí wọn,
lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú páálí mílíìkì tí mo kó àkísà sí.
Mi ò pè é. Mi ò fún un lórúkọ.
Ó kàn máa ń wá jẹ orí ẹja tí mo bá jù sẹ́yìn fèrèsé ni.
Nígbà tó di Àbámẹ́ta, ọ̀kadà kan gbá a
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Yemẹtù.
Wákílù ló wá sọ fún mi, ó di sílípáàsì ẹsẹ̀ kan mú:
"Màámá, ìyá wọn ò ní í wá mọ́."

Márùn-ún ni wọ́n.
Ojú wọn dì pa bí ẹ̀pà inú èèpo,
etí wọn lẹ̀ mọ́ orí bí ewé tí òjò pa,
igbe wọn ò ju ìró ilẹ̀kùn tí kò rí epo lọ.

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
nu ilẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí ní Adéọ̀yọ́,
mi ò gbẹ̀bí rí. Ìgbálẹ̀ ni tèmi, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì,
àti omi ìzáàlì tó ń ta ní imú.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbálẹ̀ náà lójú.
Mo rí bí Nọ́ọ̀sì Adùnbárìn ṣe máa ń gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé
lé àyà, tó máa ń fi ìka kan ṣoṣo gbá a lẹ́yìn,
tó máa ń ní: òtútù ló ń kọ́kọ́ pa wọ́n, kì í ṣe ebi.

Mo rọ omi gbígbóná sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò,
mo fi ògbólógbòó ìró mi wé e, mo tẹ́ wọn tì í.
Dókítà ẹran ní Mọ́kọ́lá ránṣẹ́ padà pé
kí n má fún wọn ní ti inú agolo,
ìgbẹ́ gbuuru ló máa gbé wọn lọ;
kí n wá wàrà ewúrẹ́, kí n fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu kán an,
wákàtí méjì méjì, kí n sì dojú wọn délẹ̀,
kí n má dá wọn dùbúlẹ̀ bí ọmọ ènìyàn.

Wákàtí méjì méjì!
Ìyá Ṣìttú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di imú:
"Ológbò márùn-ún nílé opó?
Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa wí?"
Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ti wí i kí ológbò tó dé.
Nígbà tó tún padà wá, ife wàrà ló gbé dání,
ewúrẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kò sọ nǹkan kan.
Kò wọlé. Ó kàn na ọwọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti ìtọ̀.
Wọn ò mọ̀ ọ́n tọ̀. Ahọ́n ìyá ló ń pè é jáde.
Mi ò ní irú ahọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ki òwú bọ omi lọ́wọ́ọ́wọ́,
mo ń nu ìdí wọn jẹ́jẹ́,
títí ẹ̀kán kan tó kéré ju omijé lọ fi bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ni mo bá figbe ta lóru bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́:
ó ti tọ̀! Ó ti tọ̀ o!
Ajá Alàgbà Ọ̀pádọ̀kun dá mi lóhùn.

Èyí tó kéré jù kú láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà.
Kò sí ohun tí mo ṣe fún àwọn yòókù tí mi ò ṣe fún un.
Wákílù gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ ìbẹ́pẹ, ó jìn ju bó ṣe yẹ lọ,
ó bi mí bóyá ẹni tí kò lajú rárá
mọ̀ pé òun wáyé.
Mo ní kó bo ilẹ̀. Mi ò rí èsì mìíràn.

Láàárọ̀ yìí, iná ò tíì dé,
páànù gbogbo Òkè-Àrẹmọ ń pọ́n bọ̀ nínú kùrukùru,
mo gbé èyí tó ní àmì funfun lọ́rùn sókè.
Ojú òsì rẹ̀ ti là, fín-ín báyìí,
bí ìgbà tí ènìyàn bá rọra ṣí ilẹ̀kùn
wo ẹni tó ń kànkùn.
Àwọ̀ aró tí a ti fọ̀ léraléra.
Ó wò mí. Mi ò mọ ohun tó rí:
ìyá àgbà kan, ewú, òórùn wàrà.
Ó ya ẹnu pupa, ó bú mi.
Mo ní ó dáa, ó dáa, mò ń bọ̀.
Mo wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú
kí wákàtí méjì tó pé. Mo gbé wàrà kaná.