Pẹpẹ

Fálùyì káfíńtà ní kí n dùbúlẹ̀ sẹ́yìn jíìpù,
ó fi téèpù wọ̀n mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.
"Àbí pósí lo fẹ́ kàn ni?"
Kò lè dáhùn; ìṣó mẹ́ta ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

Pákó ahéré bàbá mi ni,
òórùn kòkó kò tí ì kúrò lára rẹ̀.
Abẹ́ rẹ̀ la ki sítóòfù bọ̀, àti kẹ́ẹ̀gì omi.

Ìyàwó mi ní, "Onílé tí ń sùn sọ́kọ̀!"
Òun ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹní.

Lórí òkè Ẹfọ̀n, ìkùukùu bo gíláàsì.
Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀kùn:
Fálùyì wọn gígùn mi, kò wọn oorun mi.
Mo ká orúnkún jọ,
bí ìgbà tí òjò ń lu ahéré,
tí bàbá ń koná.