Ìlà Pupa Lábẹ́ Orúkọ Ìyá Mi

Irínwó náírà lórí káàdì kan, ni wọ́n wí ní Kàbà.
Mo ṣírò ogójì, mo gbé fóònù sílẹ̀,
mo nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà
tí Rótìmí fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja.
Bọ́tìnnì kan ti yọ níbẹ̀,
páálí ni mo gé lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀.
Nílé wa ní Mọpà, a kì í ju ohun tó ṣì ń mí nù.

Màmá kò jókòó. Ó dúró lẹ́yìn mi,
ó káwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tó ń ṣọ́ ìdánwò ní kíláàsì karùn-ún.
Mo kọ ọ́: Ẹ wá bá wa yọ̀. Àádọ́rin ọdún.
Òdòdó méjì lókè. “Ó pọ̀,” ó ní.
Mo pa ọ̀kan rẹ́.
Mo wá tẹ orúkọ rẹ̀.
Kíá, ìlà pupa yọ lábẹ́ rẹ̀,
ó ń lọ́ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ọdún márùndínlógójì ni ìyá mi fi fa irú ìlà yẹn
sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.
Ó mọ ohun tó ń wí.
“Àṣìṣe wo ni mo ṣe?”
“Màmá, kò mọ orúkọ yín ni.”
“Ta ni olùkọ́ rẹ̀?”

N kò mọ olùkọ́ rẹ̀.
Mo kọ Ìyàrá, ó fàlà. Mo kọ Ìsánlú, ó fàlà.
Gbogbo ìlú tí àlejò wa ti ń bọ̀
ló ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́.
Nọ́ńbà nìkan ló gbà láìjiyàn.

Èyí tó tún wá burú: kò ní àmì.
Ọ̀wọ̀níyì ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́,
lọ́dún tí kò sí kọ́bọ̀ nínú ilé,
tó jẹ́ ọ̀wọ̀ ló ṣẹ́kù tí wọ́n lè fi sọ ọmọ lórúkọ.
Ẹ̀rọ yìí gé e lẹ́sẹ̀, ó bọ́ fìlà lórí rẹ̀.
Màmá kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀sùn:
“Owó niyì. Owó!
Wọ́n á ní mo fi ìwé ìpè tọrọ nǹkan.”
Yọ̀ tí mo kọ lókè náà ti di yó.
Ìyẹn ò burú, ó ní. Ìrẹsì máa wà.

Iná lọ ní aago mẹ́rin.
Mo ra epo jẹnẹrétọ̀, lítà méjì.
Owó epo yẹn, tí n bá ní kí n rò ó mọ́ ọn,
n kò ní rò ó mọ́ ọn.
Yíńkì dúdú tán ní káàdì kẹrìnlá.
Mo yí i sí búlúù. Àwọn kan á gba dúdú, àwọn kan á gba aró,
kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ojúsàájú.

Lálẹ́, màmá gbé agolo bíírò rẹ̀ wá.
Pupa ló mú.
Ó to káàdì síwájú bí ìwé ìdánwò,
ó ń fi àmì sí orúkọ ara rẹ̀:
méjì lábẹ́, mẹ́rin lórí,
méjì lábẹ́, mẹ́rin lórí.
Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Èyí tó kẹ́yìn ti ṣá.
“Ẹ wá” hàn díẹ̀, ìyókù dà bí èémí lára dígí.
Mo ní kí n fi dáná. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.
“Ti Ẹ̀bùnolú nìyẹn.”
Àbúrò rẹ̀, tó wà ní Ìyàrá,
tí wọn ò tíì kí ara wọn látìgbà ìjà igi kajú bàbá wọn,
ọdún mọ́kànlá.

Ó tọ ipa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń mí díẹ̀díẹ̀.
Lókè, níbi tí mo ti pa òdòdó kejì rẹ́,
ó kọ “Òkun o,”
ó sì fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀,
gbọọrọ, láìlọ́.