Ohun Tí A Rà Tí Kò Rà

Oṣù kẹsàn-án ni àpò tuntun dé ilé iṣẹ́ wa
ní Hamilton, lẹ́bàá adágún,
níbi tí èéfín ilé ìrọ́rin ti ń bá kùrukùru ṣọ̀rẹ́.
Wọ́n ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é.
Mo gbé e sí imú. Kò rùn bí ògì.

Tedesco ọ̀gá wa gun orí àpótí:
"Àwọn oníbàárà ń béèrè o!
Ẹni tó ń ta ewébẹ̀ ń béèrè,
ẹni tó ń ta oúnjẹ ajá ń béèrè,
àní ẹni tó ń ta ìṣó,
ìṣó tí yóò sin gbogbo wa,
ó ní kí àpò òun ṣáà ti lè kú."
A rẹ́rìn-ín. A fi iṣẹ́ òru kún iṣẹ́ ọ̀sán.
Owó òru yẹn ni mo fi ra bàtà yìnyín fún Morẹ́nikẹ́.

Ara àpò náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà funfun:
LẸ́YÌN ỌGỌ́SÀN-ÁN ỌJỌ́, MO DI IYẸ̀PẸ̀.
Mo mú ọ̀kan relé. Mo sin ín sẹ́yìnkùlé,
nídìí tòmátì tó ti gbẹ,
pẹ̀lú èèpo ọsàn àti eegun ẹja.
Mo ń ka ọjọ́ lára kàlẹ́ńdà bí aláboyún.

Ewé ni ìyá mi fi ń pọ́n ẹ̀kọ ní Ìkirè.
A ó jẹ ẹ̀kọ tán, a ó ju ewé nù,
kò ní tíì kanlẹ̀ tí ewúrẹ́ Bàbá Sùnkànmí á ti gbà á.
Ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́ ikú sára ewé.

Yìnyín bọ́. Ó yọ́. Ó tún bọ́.
Màmá Halyna, ará ilé kejì, ń wò mí lójú fèrèsé
bó ṣe ń fi àpò mílíìkì hun ẹní.
Àpò búrẹ́dì kan wà lọ́wọ́ obìnrin yìí
tó dàgbà ju Morẹ́nikẹ́ lọ;
ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a,
kò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é rí.

Oṣù karùn-ún, mo gbé ṣọ́bìrì.
Èèpo ọsàn ti lọ. Eegun ẹja ti lọ.
Ìbọ̀wọ́ òwú tí ọmọ mi ń wá láti Kérésì,
ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ dé àtàǹpàkò.
Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
tó jẹ ọba, tó jẹ ìwọ̀fà, tí kò pọ́nu lá,
ó tọ́ àpò yìí wò,
ó tu ú sí mi lẹ́sẹ̀.
MO DI IYẸ̀PẸ̀, ni lẹ́tà funfun ṣì ń wí.

Mo gbé e lọ bá Tedesco.
Ó nàka sí ìlà kan nísàlẹ̀, wínníwínní bí ẹyin èèrà:
inú ààrò gbígbóná kan ló ti ń jẹrà.
Irú ààrò bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí.
Àwọn akólẹ̀ gan-an ń ṣà á sọnù bí ọ̀rá lásán.
Kò purọ́. Kò sì sọ òótọ́ tán.
Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Bí mo bá dáwọ́ dúró,
ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tilẹ̀ gbìyànjú ni wọ́n máa lọ."
N kò rí èsì fọ̀. Bàtà yìnyín wà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi.

Rà tí a fi ń náwó, rà tí a fi ń di erùpẹ̀,
ohùn kan náà ni.
A rà á nítorí wọ́n ní yóò rà.
Ó kọ̀, kò rà.
A tún rà sí i.

Màmá Halyna gba àpò náà lọ́wọ́ mi,
ó ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó fi í kọ́ sórí okùn aṣọ.
Afẹ́fẹ́ adágún kó sí i nínú,
ó wú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Morẹ́nikẹ́ ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó ní, "Dádì, ta ni 'mo' yẹn?"

Aago mẹ́sàn-án ti lù.
Mo ń wá ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ mi.