Ilẹ̀ Ni Mo Tà

Wọ́n ní ṣé orí mi pé,
èmi tí mo hewú sí Mókọ́lá,
tí n ó wá kó ẹrù lọ sí Lálúpọn,
níbi tí koríko ti bo irin rélùwéè.
Ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín:
"Ọláníhún, ṣé o fẹ́ máa bá ewúrẹ́ jí ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Kì í ṣe ewúrẹ́ ló ń jí mi.
Ìdákẹ́jẹ́ ni.
Ní Mókọ́lá, jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ ló yí fèrèsé mi ká;
bí gbogbo wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, n ó ta gìrì,
n ó rò pé ayé ti parí.
Níbí, ìrì ló ń kán láti orí páànù sínú garawa,
tó, tó,
bí ẹni tí ń ka owó tí kò pọ̀.

N ò ní purọ́ o.
Bí mo bá fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù,
àfi kí n gun òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìn ilé,
kí n na ọwọ́ sókè bí ẹni tí ń juwọ́ sí ọkọ̀ òfuurufú.
Bí òjò bá rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ a gba bàtà mi kan,
a fi èkejì ta mí lọ́rẹ.
Bí mo bá sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóru,
ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí Àṣíátù á fi gbé ewé efinrin dé:
"Ẹ gbo ó, ẹ mu ún. Ikọ́ yín ò jẹ́ kí baálé mi sùn."
Ògiri ò sí láàrin wa, oko ẹ̀gẹ́ lásán ni.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá ọkùnrin kan pín ògiri ní Mókọ́lá;
ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde
ni mo tó mọ orúkọ rẹ̀.

Kàsúmù ló ta ilẹ̀ fún mi.
Lọ́jọ́ kan ó wọlé wá pẹ̀lú agbọ̀n àti àdá,
ó kọjá lára mi lọ sídìí igi obì,
ó ń ká a.
Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rántí pé ẹ ti tà á?"
Kò wẹ̀yìn. "Ilẹ̀ ni mo tà.
N ò ta obì."
Mo wá ìwé, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Òótọ́ ni. Wọn ò kọ obì síbẹ̀.
Ó fún mi ní ẹyọ kan, olójú mẹ́rin;
ó korò, omi tí mo mu tẹ̀ lé e sì dùn.

Lálẹ́, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ Ìbàdàn lábẹ́ ìkúùkù,
ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí iná tí ń jó igbó bọ̀.
Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé,
wọ́n ń fi ojú kan wo ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ri èèkàn,
wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi ọsàn Àṣíátù.
Inú bí mi. Mo fẹ́ kígbe pé ta ló pè yín?
Kàsúmù wò mí, ó rọra ń run obì lẹ́nu,
ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nígbà tí ìwọ ń bọ̀."

Mo panu mọ́.
Nígbà tó yá, mo ní kó fún mi ní ọ̀gbìn obì kan
tí n ó gbìn, tí yóò jẹ́ tèmi.
"Ọdún mélòó ni yóò tó so?"
"Méje, bí ewúrẹ́ ò bá jẹ ẹ́."
Ewúrẹ́ Àṣíátù dúró létí oko ẹ̀gẹ́,
ó ń gbọ́.